Ẹni Tí A Lè Bi Léèrè

"Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni kò lè ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí kò ní bàbá kan pàtó, ẹnu gbogbo ayé ló ti ń jáde. Lánlọ́ọ̀dù ń sọ ọ́ kí ó tó fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́, ìyá ìyàwó ń sọ ọ́ kí ó tó gba ẹrù ìdána, òṣèlú ń sọ ọ́ bí ó bá ń wá ìbò. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìwà rere kò lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àfi bí ìbẹ̀rù bá tì í lẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fò sórí èkejì: pé bí àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn bá kóra jọ, tí wọ́n ń jíròrò lórí sáyẹ́ǹsì, lórí igbó àti odò àti ìràwọ̀, lórí ọ̀rọ̀ ìlú, ìpàdé àwọn tó fẹ́ ba ayé jẹ́ ni, tàbí ti àwọn tí ìwé ti yí lórí.

Mo takò ó. Onígbàgbọ́ tó jẹ́ ọmọlúàbí pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹnikẹ́ni tó bá sẹ́ ìyẹn, òpùrọ́ ni. Àmọ́ ìbẹ̀rù kọ́ ló sọ wọ́n di ọmọlúàbí, ìbéèrè tí a sì fi ń dán ara wa wò kò tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. À ń bèèrè pé, "Ta ni o ń bẹ̀rù?" Èyí tó yẹ ká máa bèèrè ni pé, "Ta ni ó lè bi ọ́ léèrè?"

Ẹ jẹ́ ká ti Ìkẹ́nnẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1922 ni wọ́n bí Táí Ṣólàrìn, olùkọ́ tí kò ṣe ẹ̀sìn, níbẹ̀. Ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kàwé ní Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò fẹ́ kí àdúrà àti orin ìsìn jẹ́ dandan fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tó ń sá fún ìnilára lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 sọ ọ́. (Ẹlẹ́sìn paraku ni púpọ̀ nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà o. Bóyá bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ ni.) Ilé-ìwé tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní mọ́sálásí, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń roko, tí wọ́n ń sin ẹran, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń lò.

Bí ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù wa bá jẹ́ òtítọ́, ahoro ni ilé-ìwé yẹn ì bá dà láàárín ọdún díẹ̀, nítorí òbí wo ni yóò kó ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun? Kàkà bẹ́ẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ń kó ọmọ lọ, Mùsùlùmí ń kó ọmọ lọ, orúkọ Mayflower sì kan jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bú ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ṣòkòtò péńpé kakí ni ọ̀gá náà ń wọ̀ kiri. Nígbà tí Gówón, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ní òun kò ní gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 mọ́, Ṣólàrìn tẹ ìwé pélébé, ó ń pín in kiri, wọ́n gbé e. Ní 1984, àwọn ológun mìíràn tún tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún kan. Mélòó nínú àwọn tí ń fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run yangàn ló dá wọn lóhùn nígbà náà?

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1994, ọ̀rọ̀ kan ni ó gba ẹnu àwọn ènìyàn, ẹ ó ṣì gbọ́ ọ dòní: "Onígbàgbọ́ ni bàbá yẹn, òun gan-an ni kò mọ̀." Wọ́n rò pé ìyìn ni. Ẹ wo ìrẹ́jẹ tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́sìn bá jalè, wọ́n á ní kì í ṣe onígbàgbọ́ tòótọ́. Bí aláìṣẹ̀sìn bá ṣe rere, wọ́n á ní onígbàgbọ́ ni ní kọ̀rọ̀. Gbogbo èrè di ti ẹ̀sìn, gbogbo gbèsè di ti ẹlòmíràn. Bí akápò ẹgbẹ́ bá ṣírò owó lọ́nà báyìí, a ó yọ ọ́ nípò kí ìpàdé tó túká.

Àwọn kan gbà pé ìbẹ̀rù kò ṣiṣẹ́ tó, àmọ́ wọ́n ní ìbẹ̀rù tí a yàn ni kò le tó. Wọ́n ní Bíbélì àti Kùránì tí àwọn olóṣèlú ń fi búra kò ká wọn lára. Ẹ gbé irin Ògún lé wọn lọ́wọ́, ẹ gbé ẹdùn àrá, ẹ ó rí i bí ọwọ́ yóò ṣe kúrò nínú owó ìlú. A máa ń fi àbá yìí rẹ́rìn-ín níbi ayẹyẹ, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè rí wòlíì tí yóò gbàdúrà sí owó tó jí, yóò rí babaláwo tí yóò bá a tú ìbúra. Ẹ̀rù ni wọ́n tún fẹ́ kó sí i lára. Ìwé ìnáwó ṣì wà ní títì.

Ẹ wá wo alájọ. Obìnrin tó ń ta ata ní Bódìjà kì í bi alájọ rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì wo lo ń lọ. Káàdì ló ń wò. Bí ó bá ti dá tòní, kí alájọ fàmì sí i lójú òun. Bí oṣù bá parí, kí alájọ mú owó ọjọ́ kan tí í ṣe tirẹ̀, kí ó kó ìyókù wá. Bí màgòmágó bá wọ̀ ọ́, àwọn obìnrin ọjà mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀, wọn kò sì ní rán àdúrà lọ síbẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò lọ. Àìmọye owó ló ti kọjá lọ́wọ́ àwọn alájọ lọ́nà yìí kí bánkì tó mọ̀ pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn wà láyé.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì òrìṣà ni wọ́n pe Aláàfin, síbẹ̀ wọn kò fi òrìṣà nìkan ṣọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́mèsì wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Ògbóni sì wà tí ń ṣọ́ àwọn Ọ̀yọ́mèsì. Bí ọba bá kọjá àyè rẹ̀, wọ́n á gbé igbá òfìfo síwájú rẹ̀, ó sì mọ ohun tó kàn. Ìlú tó kún fún òrìṣà ni, ẹ̀rù òrìṣà ń bà wọ́n dáadáa. Wọ́n ṣì rí i pé ó gbọ́dọ̀ ku nǹkan tí ènìyàn yóò fi bi ènìyàn léèrè.

Ìbéèrè tó le jù lọ́wọ́ àwọn alátakò mi nìyí: ní kọ̀rọ̀, níbi tí ojú ẹ̀dá kò tó, ta ni yóò bi í? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ kan náà ni onígbàgbọ́ ń wọ̀, a sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró ní kọ̀rọ̀ ni ohùn àwọn tó tọ́ ọ, tí ó ti di ohùn tirẹ̀ látàrí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń nà láìsọ ìdí fún yóò kọ́ bí a ṣe ń sá pamọ́. Ọmọ tí wọ́n ń bi pé "kí ló dé tí o fi ṣe é, bí wọ́n bá ṣe é sí ọ ńkọ́?" yóò máa bi ara rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn aláìṣẹ̀sìn tó ní àwọn kò nílò ẹgbẹ́, pé ìwé àti fóònù tó. Ẹni tó ń dá ronú, òun nìkan ló ń gbóríyìn fún ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí, humanist ni wọ́n ń pè wọ́n káàkiri ayé: ènìyàn àti ire ènìyàn ni wọ́n fi ṣáájú, ẹ̀rí ni wọ́n fi ń wádìí ọ̀rọ̀, wọn kì í sì ka ohùn kankan sí ohun tó ti ọ̀run wá tí a kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ní Amsterdam ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé wọn sílẹ̀ ní 1952. Ní Nàìjíríà, Leo Igwe dá Nigerian Humanist Movement sílẹ̀ ní 1996. Òun kan náà ló bẹ̀rẹ̀ Advocacy for Alleged Witches ní 2020, láti máa gbèjà àwọn tí wọ́n bá pè ní àjẹ́. A mọ àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí, opó, ọmọdé tí wòlíì nawọ́ sí. Bí àwọn èrò bá ti pé lé irú ìyá bẹ́ẹ̀ lórí, tí òkúta wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹni tó sáré wá láti bèèrè pé "ẹ̀rí wo lẹ ní?" ni wọ́n ń pè ní ẹni tí kò ní ìwà.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìbéèrè ti gba ìlú là, tí gbogbo wa rí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní Èkó, ara rẹ̀ kò yá rárá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléndé. Wọ́n rò pé ibà ni. Wọ́n bi í bóyá ó ti fara kan ẹni tó ní àrùn Ebola, ó ní rárá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò gba "rárá" yẹn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn aláṣẹ Làìbéríà ní kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ìpàdé ń dúró dè é ní Calabar. Obìnrin náà kọ̀. Sawyer kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Dókítà náà kó àrùn ọ̀hún, òun náà sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ní ariwo nínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn náà sílẹ̀, ènìyàn 894. Fún ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn ẹnì kọ̀ọ̀kan: báwo lara, ẹ jẹ́ ká wọn gbígbóná yín. Nǹkan bí ìgbà 18,500 ni wọ́n ṣe irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tí oṣù Kẹwàá sì pé ọjọ́ 20, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ní Èkó! Ìlú tí ènìyàn mẹ́rin ti ń jókòó sórí àga ẹni mẹ́ta nínú dáńfó!

Ní oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn gba orí fóònù lóru: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú yín. Ìdílé tó jí ní òru ọjọ́ náà kò lóǹkà. Ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn kan tilẹ̀ kú sí i. Àwọn tó wẹ̀ kì í ṣe ọ̀dẹ̀, ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí a ṣe kọ́ wọn láti máa gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi òṣìṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn pé ọlọ́run wo lo ń sìn. Tẹmọmítà ló mú dání, ó sì mọ̀ pé bí òun bá kọ irọ́ sínú ìwé lónìí, ẹni tí yóò wá lọ́la yóò rí i. Ohun tí mò ń pè ní ìbéèrè nìyẹn: ètò tí irọ́ kò ti lè pẹ́ kó tó hàn.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá ti mọ èyí, wọn kò kàn fẹ́ sọ ọ́ jáde. Ẹ lọ bá pásítọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbà lọ́wọ́ yín ni ìwé jẹnotáìpù, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní kí ẹ lọ ṣe é ní ilé àyẹ̀wò tí àwọn yàn, nítorí wọn kò fọkàn tán ìwé tí ọmọ ìjọ tiwọn gbé wá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa sin ọmọ lẹ́yìn ọmọ, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ lára kó má baà padà wá. Ẹ̀jẹ̀ SS ló pa púpọ̀ nínú wọn, ibà àti àìjẹunrekánú pa púpọ̀ sí i. Dókítà David Morley fi ọdún bíi mélòó kan ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti nǹkan bí 1957. Ó ń wọn àwọn ọmọdé, ó ń kọ ọ́ sínú káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé, káàdì yẹn sì ti di ohun tí wọ́n ń lò kárí ayé. Ilé ìwòsàn àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló rán an níṣẹ́, Kìrìsìtẹ́nì ni. N kò ní jí i lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ jí Ṣólàrìn lọ́wọ́ wa. Ohun tí mo kàn fẹ́ ká rí ni pé nígbà tó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n náà kò bi í léèrè ẹ̀sìn.

Àwọn mìíràn á ní, "Èrò òyìnbó ni." Èyí kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn ẹ̀sìn méjì tó ń sọ ọ́ fún wa náà gba aginjù tàbí òkun kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn baba wa sì ti sọ pé bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀ kò sí. Wọ́n tún sọ fún òrìṣà pé bí kò bá lè gbe àwọn, kó ṣe àwọn bó ṣe bá àwọn. Ẹni tó ń bá òrìṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí mọ bí a ṣe ń béèrè ìjíhìn. Nígbà tí àwọn humanist àgbáyé fún Wọlé Ṣóyínká ní àmì ẹ̀yẹ wọn ní 2014, kò sẹ́ni tó ní kó kọ́kọ́ fi Ògún sílẹ̀.

Àwọn tó mọ̀wé nínú àwọn alátakò mi ní tiwọn: Stalin ńkọ́? Ìjọba Soviet kò gba Ọlọ́run gbọ́, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pa àlùfáà, ebi pa àìmọye ènìyàn. Òótọ́ ni, gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wo Nikolai Vavilov. Onímọ̀ irúgbìn ni, ó rin ayé ká, ó kó irúgbìn jọ sí Leningrad kí ìyàn má baà tún pa ẹnikẹ́ni. Trofim Lysenko dìde, ó ní irọ́ ni ẹ̀kọ́ nípa bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ, Stalin sì gba tirẹ̀. Vavilov kò yẹ̀. Wọ́n mú un ní 1940, ó kú sẹ́wọ̀n ní Saratov ní 1943. Kò sí Ọlọ́run nínú ìjọba yẹn, àmọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ bi léèrè, ìyẹn ló sì pa wọ́n. Ẹni tó bá fi Stalin kọ́ mi, ìdí ọ̀rọ̀ mi ló ń bá mi tẹ̀.

Tiwa náà wà nílé. Mubarak Bala, ọmọ Kánò, ẹni tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ humanist Nàìjíríà, ni wọ́n mú ní Kàdúná ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní Kánò dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún un. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí márùn-ún ní 2024, ó jáde ní oṣù Kìíní 2025. Abala 38 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ronú bó ṣe wù ú. Àwa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn máa ń gbọ́ irú ìròyìn yìí, a máa ń mi orí, a ní "àwọn ará òkè ọya". Ẹ jẹ́ ká dákẹ́. A kì í ti ènìyàn mọ́lé ní tiwa, òótọ́ ni. A kàn máa ń ní ilé ti ní ayálégbé, a máa ń dá ẹrù ìdána padà, a máa ń fi ipá gbé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ sórí òkè kí wọ́n lé ẹ̀mí àìgbàgbọ́ jáde lára rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò ní àkọsílẹ̀ ni.

Mo ní ìjà tèmi pẹ̀lú àwọn humanist náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ní hòtẹ́ẹ̀lì, fún àwọn tó ti gbà pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ìyá ẹlẹ́wà tó ń gbààwẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu wọn kì í sì í le bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ gómìnà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wọn bá bímọ, ta ló ń bá a ṣe ìkómọ? Bí ìyá rẹ̀ bá kú, ta ló ń gbé àga, ta ló ń jókòó tì í ní òru? Ní Scotland, láti 2005 ni ìgbéyàwó tí àwọn humanist bá so ti di èyí tí òfin gbà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní Conway Hall láti 1929, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé sí láti gbọ́ àsọyé, kó sì takò ó. Ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò mi kò borí nítorí ìwàásù. Ó borí nítorí pé bí ẹ kò bá wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan á kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ní èdè Yorùbá, tí wọ́n ń wo ìràwọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n ń yẹ omi kànga àdúgbò wò, tí wọ́n ń bá ara wọn sin òkú, n óò lọ síbẹ̀, n óò sì kọ́kọ́ bèèrè ìwé owó. Ta ló ń gbà á, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọdún mélòó ni alága yóò lò kó tó dìde? Bí alága bá sọ fún mi pé ọlọ́gbọ́n àti olóòótọ́ ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀, èsì tí mo máa fún pásítọ̀ tó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń ṣọ́ àpò ìjọ ni n óò fún òun náà: ẹ gbé ìwé wá.